Obìnrin Inú Bàbà

Ọ̀gá mi, Virlet, ní òpópó àwọn afínwòrán ní Páríìsì,
kò fojú kan ọba rí.
Ara owó fàdákà ló ti ń wò ó:
imú gígùn, irun wíwé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo.
Ó ní, "Èyí ti tó. Àwa la ó fi ìyókù bùkún un."

Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé pé wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn,
tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún tí etí wa ń ho yee,
ó ní kí n sáré lọ pe Perrette Aubouin alágbàfọ̀ wá
láti etí odò, tòun tapá rẹ̀ tí omi òtútù ti bó.
Ó gbé e gorí àpótí, ó fi aṣọ ibùsùn bò ó,
ó fi ìgbálẹ̀ sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní ẹ̀ka ólífì ni,
ó fi àbẹ́là sí i lósì, ògùṣọ̀ tí yóò jó ohun ìjà.
"Má mira. Ìwọ ni Àlàáfíà."
Perrette ní, "Èló ni wọ́n ń san fún Àlàáfíà lóòjọ́?"

Àbúrò rẹ̀, Thibaud, wà nínú ilẹ̀ lẹ́bàá ìlú olódi kan
tí ahọ́n rẹ̀ kò lè pe orúkọ rẹ̀.
Kò sọ ọ́ fún ọ̀gá. Èmi ló sọ fún,
bí mo ṣe ń lọ tàdáwà.

Irin ṣóńṣó ń rìn, bàbà ń ká kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí irun ọmọ tuntun.
Ìyẹ́ méjì. Ìwo tí àjàrà ń ya jáde lẹ́nu rẹ̀.
Lábẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin náà, Ìjà: arúgbó, ejò lórí dípò irun.
Lókè, ọba fẹ̀yìn ti àwọsánmà bí ẹní fẹ̀yìn ti tìmùtìmù,
kìnnìún ilẹ̀ kejì ń lá bàtà rẹ̀.
(Mo bi ọ̀gá bóyá kìnnìún náà lá a lóòótọ́.
Ó ní, "Máa lọ tàdáwà rẹ.")

A tà á tán kí yìnyín tó yọ́.
Alápatà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn;
àwọn tí kò mọ̀wé ń nàka sí Àlàáfíà:
"Ṣebí ọmọ Aubouin nìyí?"

Ọdún kẹta, ogun tún bẹ́.
Ọdún kẹjọ, wọ́n tún tọwọ́ bọ̀wé, pẹ̀lú ọ̀tá mìíràn.
Bàbà ti gbówó lórí. Ọ̀gá fi irin dídán ra kìnnìún títí ó fi pòórá,
ó dojú bàbà dé, ó fi òòlù kékeré kan án lẹ́yìn
kí kòtò lè kún, ó wá fín ẹyẹ idì síbẹ̀,
tó ń tẹrí ba fún bàtà kan náà.
Ó bu ẹran kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba.
Obìnrin nìkan ni kò fọwọ́ kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò nu bàbà rí, ẹ gbọ́: kì í gbàgbé bọ̀rọ̀.
Bí mo bá gbé e sójú fèrèsé,
mo ń rí ìrù kìnnìún lábẹ́ ìyẹ́ idì,
fẹ́ẹ́rẹ́, bí àpá tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́.

Perrette wá kó aṣọ ọ̀gá ní ìrọ̀lẹ́ kan.
Ó wo ara rẹ̀ nínú ìwé tútù tí mo sá sórí okùn.
Eyín tirẹ̀ méjì ti lọ; ti inú ìwé ṣì pé.
Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ tó fi tẹ Ìjà mọ́lẹ̀ ti ń parẹ́,
Ìjà sì ń wòkè, ó dúdú kedere,
torí ọ̀gá fín tirẹ̀ jìn.
Ó ní, "Ẹ ò kọ orúkọ Thibaud síbì kankan?"
Orúkọ Virlet ló wà nísàlẹ̀, àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà.

Lóru yẹn, mo mú abẹ́rẹ́.
Nínú èéfín ohun ìjà tó ń jó, níbi tí ilà ti lọ́ mọ́ra,
mo fín lẹ́tà méje, sódì, kí wọ́n lè tọ́ lórí ìwé,
wọn ò tó orí eèrà.

Akọ̀wé ààfin kan ra ogún.
Ó gbé ọ̀kan súnmọ́ iná, ó ní èéfín yẹn dára púpọ̀,
ó ṣe é bí ẹni pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀.